Ẹ́ńjìnnì Òde-Òní Nínú Jíìpù Àtijọ́: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Lẹ́tà márùn-ún ni mo yàn nínú àwọn tó wọlé lóṣù yìí, gbogbo wọn ló sì dá lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: bí ènìyàn ṣe lè yọ ẹ́ńjìnnì oníkabúrétọ̀ tó ti darúgbó kúrò nínú jíìpù àtijọ́, kí ó sì fi ẹ́ńjìnnì tí kọ̀ǹpútà ń darí rọ́pò rẹ̀. Mo gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, ṣùgbọ́n n kò yí ìtumọ̀ wọn padà.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní Toyota Land Cruiser FJ40 ti ọdún 1978. Ẹ́ńjìnnì 2F inú rẹ̀ ti ń jẹ ọ́ìlì, èéfín aláwọ̀ aró sì ń tẹ̀lé mi kiri bí òjìji. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n wá ẹ́ńjìnnì V8 ti General Motors, pé ó máa ń wọ ibẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà. Ṣé òótọ́ ni? Ibo sì ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?
Ẹni tí èéfín ń lé

ÌDÁHÙN: Ọ̀rẹ́ yín kò parọ́, àmọ́ ó bu ọ̀rọ̀ náà sọ ni. Ẹ́ńjìnnì tó ń wí ni èyí tí a mọ̀ sí LS, tí General Motors kọ́kọ́ gbé jáde nínú Corvette ti ọdún 1997, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú rẹ̀ tí a fi irin dúdú ṣe ara rẹ̀ sínú ọkọ̀ akẹ́rù wọn láti nǹkan bí ọdún 1999. Èyí tí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí máa ń mú jù ni LM7 oní-lítà 5.3, nítorí pé ó pọ̀ nílẹ̀, kò sì ga: ọ̀pá kámù, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, kan péré ló ní, inú ikùn ẹ́ńjìnnì ni ọ̀pá náà wà, kò dà bí àwọn tó gbé ọ̀pá kámù mẹ́rin lé orí. 2F tiyín, oní-lítà 4.2, jẹ́ oní-sìlíńdà mẹ́fà tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. V8 to sìlíńdà mẹ́jọ rẹ̀ sí ìlà méjì, nítorí náà ó kúrú, ṣùgbọ́n ó fẹ̀. Nítorí náà àyè yóò ṣẹ́ kù fún yín níwájú, níbi tí rédíétọ̀ wà, yóò sì há mọ́ yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí ọ̀pá ìtọ́kọ̀ àti páípù sáláńsà ti máa ń du ojú kan náà.

Ní ti agbára, 2F ní nǹkan bí agbára ẹṣin 135. LM7 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 270, ìlọ́po méjì gẹ́lẹ́. Àmọ́ ìwà wọn yàtọ̀. Agbára ìyípo 2F ti ga dé góńgó rẹ̀ ní nǹkan bí ìyípo 1,800 ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ti LM7 di nǹkan bí 4,000. Ẹni tó ti mọ́ lára láti fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ kí 2F máa rá gòkè fúnra rẹ̀ yóò ní láti tún ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́.

Kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tó ń ta ẹ́ńjìnnì, ẹ kọ́kọ́ wá odindi ọkọ̀ akẹ́rù tí ìjàǹbá bà jẹ́ lẹ́yìn, tí iwájú rẹ̀ ṣì pé, tí ẹ lè sáná sí kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ti rí ìdì wáyà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gé, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box, pẹ́dàlì tó bá a mu, gíábọ́ọ̀sì, alitanétọ̀, àti àwọn sẹ́ńsọ̀ wẹ́wẹ́ tí ènìyàn kì í mọ orúkọ wọn títí di ọjọ́ tí wọn kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ra ẹ́ńjìnnì ní ìhòòhò yóò máa ra aṣọ rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ẹnìkan tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró fún ọdún kan gbáko nítorí pẹ́dàlì àti brain box tí kò gbọ́ èdè ara wọn: LM7 tí okùn irin ń ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà, èyí tí mọ́tò iná kékeré ń ṣí tirẹ̀ náà sì wà, ó sì ti mú ọ̀kan níhìn-ín, ó mú èkejì lọ́hùn-ún.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ẹ́ńjìnnì yóò jókòó ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, nítorí pé òun ló kọ́ èmi fúnra mi lọ́gbọ́n. Nígbà tí mo ṣe tèmi, orí ìjókòó irin ni mo gbé ọkọ̀ lé, tí ákísù iwájú, ìyẹn ọ̀pá irin ńlá tó so táyà méjèèjì pọ̀, sì ń rọ̀ dirodiro. Mo wo abẹ́ àwo ọ́ìlì, mo rí i pé ọwọ́ mi méjèèjì gba ibẹ̀ kọjá, inú mi dùn, mo pe ajórin, ó jó síìtì ẹ́ńjìnnì mọ́ ṣáàsí. Nígbà tí táyà kanlẹ̀, ìka mẹ́rin ló kù. Ní kòtò àkọ́kọ́ tí mo kó sí, mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí wọ́n fi òòlù lu agbada. Ìkòkò gíà inú ákísù ti gbá àwo ọ́ìlì, ó sì ti tẹ̀ ẹ́ wọnú. Nínú FJ40, ìkòkò gíà yìí kò sí ní àárín, apá ọ̀tún ló yọ sí, nítorí náà ọ̀tún ni kí ẹ máa ṣọ́.

Bí ó ṣe yẹ kí n ṣe é nìyí. Ẹ tú ewé sípíríǹgì iwájú títí yóò fi ku ewé kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ìwúwo ọkọ̀ lè tẹ̀ ẹ́ títí ákísù yóò fi gbára lé rọ́bà ìdádúró lábẹ́ ṣáàsí. Ipò yẹn ni ọkọ̀ yóò wà lọ́jọ́ tó bá burú jù lọ, orí rẹ̀ sì ni kí ẹ ti wọn ohun gbogbo. Ẹ yí ìtọ́kọ̀ dé òpin lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Ẹ lẹ amọ̀ rírọ̀ mọ́ ibi tí ẹ bá ń fura sí, ẹ mi ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wo bí amọ̀ náà ṣe fẹ́lẹ́ tó. Bí ẹ bá rí òkú ẹ́ńjìnnì tí a ti tú inú rẹ̀ dànù, òun ni kí ẹ fi ṣe gbogbo ìdánwò yìí, nítorí pé ènìyàn méjì lè gbé e wọlé gbé e jáde nígbà ogún láìfi ẹ̀yìn ṣòfò. Kí ajórin má tíì sún mọ́ tòsí. Nígbà tó bá sì di àkókò rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìdí ẹ́ńjìnnì rọ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ní ìwọ̀n dígírì bíi mẹ́ta, kí ojú gíábọ́ọ̀sì àti ojú gíà ákísù ẹ̀yìn lè wà ní ọ̀gbọọgba. Bí wọn kò bá dọ́gba, pùrọ̀pẹ́là yóò máa gbọ̀n tìtì bí ẹ bá ti ń sáré.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín. LM7 ni èmi rà lọ́wọ́ ẹni tó ń tú ọkọ̀ tà, pẹ̀lú wáyà àti brain box rẹ̀, ó sì ti jókòó dáadáa sínú jíìpù mi. Bí mo bá sáná sí i, á gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ kì í ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ tí yóò fi kú. Mẹkáníìkì mi ti pààrọ̀ pọ́ǹpù epo lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fẹ́ ṣe ẹ̀ẹ̀kẹta. Kí ni a ò ṣe bó ṣe yẹ?
Ẹni tí ọ̀rọ̀ tojú sú

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi bẹ mẹkáníìkì yín kí ó jẹ́ kí pọ́ǹpù epo sinmi. Ẹ́ńjìnnì tó gbé, tó kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, tó tún gbé, tó tún kú, kò ní àìsàn kankan. Olè ni ó pè yín. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà kọ́ brain box pé tí kò bá gba àmì láti ara kọ́kọ́rọ́ àti ibi ìsáná ọkọ̀ tí a bí i sí, kí ó dá epo dúró. Kọ́kọ́rọ́ yẹn wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n tú, brain box sì ń retí rẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹni tó ní ohun èlò tí a fi ń kọ nǹkan sínú brain box ni yóò pa ìdènà olè náà, yóò sì tún kọ àwọn nǹkan mìíràn tó kù sí i: ìwọ̀n táyà, irú gíábọ́ọ̀sì, àti àwọn sẹ́ńsọ̀ tí jíìpù yín kò ní, kí iná ìkìlọ̀ má baà máa tàn lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn èyí, bí ó bá ṣì ń ṣe ségesège, ẹ wo wáyà ilẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ kò ka wáyà ilẹ̀ sí, torí pé ìwọ̀nba gílóòbù àti pílọ́ọ̀gì ló ń bọ́. Ẹ́ńjìnnì yìí gbára lé sẹ́ńsọ̀ tí iná ara wọn kò tó nǹkan, bí àpẹẹrẹ èyí tó ń ka ìyípo ọ̀pá kíránkì, tó jẹ́ pé bí brain box kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀, kò ní jẹ́ kí iná ṣẹ́, kò sì ní tú epo. Ẹ fa wáyà nípọn kan láti bátìrì sí ara ẹ́ńjìnnì, òmíràn láti ara ẹ́ńjìnnì sí ṣáàsí, òmíràn láti ṣáàsí sí bọ́dì, kí ẹ sì fi ohun tó mú ha ọ̀dà kúrò níbi tí wáyà ti pàdé irin títí irin yóò fi funfun. Ìdajì nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní abàmì tí mo ti bá pàdé, ọ̀dà ló wà láàárín wáyà àti irin wọn.

Ní ti epo gan-an, òótọ́ ni pé pọ́ǹpù ṣe pàtàkì, nítorí kabúrétọ̀ kì í fẹ́ ju ìtẹ̀ epo tó tó nǹkan bí 3 sí 7 psi lọ, nígbà tí LM7 ń fẹ́ 58 psi ní gbogbo ìgbà. Hóòsì àtijọ́ àti kílíìpù onísíkúrù kò lè gba irú ìtẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ lo hóòsì tí a ṣe fún un. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé ni táǹkì. Táǹkì àtijọ́ kò ní ìgànná nínú. Bí ọkọ̀ bá dà sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí òkè, epo yóò sá lọ sí igun, pọ́ǹpù yóò fa afẹ́fẹ́ mu. Kabúrétọ̀ ní àwo kékeré tirẹ̀ tó ń tọ́jú epo, nítorí náà kò ní tètè mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì abẹ́rẹ́, ìyẹn irú LM7 tó ń fi abẹ́rẹ́ tú epo, yóò kú lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi táǹkì tó ní ìgànná àti pọ́ǹpù nínú rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí èyí bá sì ti tọ́, ẹ ó wá rí èrè tó tóbi jù nínú gbogbo wàhálà yìí, èmi a tiẹ̀ sọ pé ó ju agbára ẹṣin lọ: kabúrétọ̀ máa ń kún àkúnya tàbí kí ó gbẹ bí ọkọ̀ bá dagun jù, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì abẹ́rẹ́ kò mọ̀ bóyá ó dúró tàbí ó dùbúlẹ̀.

Nǹkan kékeré kan kù tó lè jóná. Bí ọkọ̀ yín bá ní ámítà, ìyẹn aago tó ń fi ìwọ̀n iná tó ń wọ bátìrì hàn, gbogbo iná alitanétọ̀ ló ń gba ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù kọjá. Alitanétọ̀ òde-òní lè tú ju 100 ámpù lọ, wáyà ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn kò sì lè gbé e. Ẹ fa iná alitanétọ̀ lọ sí bátìrì ní tààràtà, kí ẹ fi aago fóltì sí ojú ámítà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú làákàyè o. Ẹ́ńjìnnì LS aláìmíníọ́ọ̀mù ló wà nínú jíìpù tèmi. Lójú títì kì í gbóná rárá. Bí mo bá ń rọra gun òkè olókùúta, abẹ́rẹ́ aago ooru á fò sókè lójijì, á tún wálẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Rédíétọ̀ tuntun ni o.

ÌDÁHÙN: Abẹ́rẹ́ tó ń fò kì í sọ ohun kan náà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ń rọra gòkè. Eléyìí tó ń fò ń sọ pé afẹ́fẹ́ tàbí omi tó ti di oru ń kọjá lójú sẹ́ńsọ̀. Lórí ẹ́ńjìnnì LS, àwọn ihò tín-ín-rín wà lókè orí sìlíńdà, páípù kékeré kan sì so wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti jẹ́ kí oru sá jáde. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí máa ń dí páípù náà, torí pé rédíétọ̀ jíìpù àtijọ́ kò ní ojú tí wọn yóò fi sí. Ẹ má dí i. Ẹ fà á lọ sí orí rédíétọ̀, tàbí sí ike omi tí ẹ gbé ga ju ẹ́ńjìnnì lọ, kí ojú tí ẹ ti ń bu omi sí i jẹ́ ibi tó ga jù nínú gbogbo ọ̀nà omi náà. Bí ẹ kò bá lo ẹ̀rọ amóoru inú ọkọ̀, ẹ fi hóòsì kan so ojú méjèèjì tó ti wá láti ara pọ́ǹpù omi pọ̀, ẹ má kàn fi ìdérí pa wọ́n, nítorí ibi tí omi ti ń wọlé ni tẹ́mósítáàtì ẹ́ńjìnnì yìí wà, ó sì nílò omi tó ń yí ká kí ó tó mọ ìgbà tí yóò ṣí.

Bí ẹ bá ṣe èyí tí kò tán síbẹ̀, fáànù ló kàn. Lójú títì, afẹ́fẹ́ ìrìn ló ń tu rédíétọ̀ lára. Lórí òkúta, fáànù nìkan ló kù, bí kò bá sì sí àgbékà tó yí i ká dáadáa láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, àárín rédíétọ̀ nìkan ni yóò máa tù. Ẹ fi súwíìṣì tí ẹ lè fọwọ́ pa sí fáànù oníná náà, kí ẹ máa pa á kí ẹ tó wọ odò, torí omi lè tẹ abẹ̀bẹ̀ fáànù náà síwájú kí ó gé rédíétọ̀ tuntun náà.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, FJ40 ti ọdún 1972 ni tèmi. Ẹ́ńjìnnì V8 ti délé. Ṣé kí n so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì àtijọ́ ni, àbí kí n lo aláfọwọ́sinmi, ìyẹn ọ̀tọ́mátíìkì, tó bá a wá? Àwọn ọmọ ní kí n kọ́kọ́ wá táyà ńlá.

ÌDÁHÙN: Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bíréèkì onídírọ́ọ̀mù ló wà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin FJ40 ti ọdún 1972. Àwọn tó dé lẹ́yìn, láti nǹkan bí ọdún 1975 sókè, ló ní onídísíkì níwájú. Dírọ́ọ̀mù tó bá mu omi kì í dá ọkọ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan, ó sì máa ń rẹ̀ ẹ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn. Ẹ kò gbọdọ̀ fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní agbára ìlọ́po méjì kí ẹ tó fi dísíkì síwájú, pẹ̀lú másítà bíréèkì tó bá a mu. Mo fẹ́ kí bíréèkì parí kí ẹ́ńjìnnì tó wọlé. Táyà ńlá lè dúró.

Ní ti gíà, ìṣirò ni kí a fi wò ó. Bí gíà kìn-ín-ní àtijọ́ bá jẹ́ 3.5, tí gíà ìsàlẹ̀ inú àpótí ìpín-agbára, èyí tó ń pín agbára fún ákísù iwájú àti ti ẹ̀yìn, jẹ́ 2, tí ti ákísù sì jẹ́ 4.1, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ ó rí 28.7: ẹ́ńjìnnì yí ìgbà 28.7 kí táyà tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Gíábọ́ọ̀sì 4L60E tó sábà máa ń bá LM7 wá ní 3.06 ní gíà kìn-ín-ní, èyí tó fún wa ní 25.1, àmọ́ àwo olómi tó wà láàárín òun àti ẹ́ńjìnnì máa ń sọ agbára di púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn, nítorí náà ẹ kò ní mọ̀ ọ́n lára. 6L80 tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ní 4.03, ó sì mú wa dé 33. Lójú títì ni ìyàtọ̀ ti pọ̀ jù. Pẹ̀lú táyà oní-íńṣì 31, bí ẹ bá ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan, gíà òkè àtijọ́ tí kò dín kò fi nǹkan kan kún un yóò mú kí ẹ́ńjìnnì máa yí ní nǹkan bí ìgbà 2,760 ní ìṣẹ́jú kan; gíà kẹrin 4L60E, tó jẹ́ 0.70, á sọ ọ́ di nǹkan bí 1,930. Etí yín á sinmi, epo náà á sinmi. Èmi á mú aláfọwọ́sinmi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fẹ́ràn gíà oníkíláàṣì.

Ohun tó kù ni pé ákísù iwájú yín ni yóò gba gbogbo agbára yìí nígbà tí ẹ bá wà ní gíà ìsàlẹ̀. Oríkèé tó wà nínú rẹ̀, níbi tí táyà ti ń yí sọ́tùn-ún sósì, máa ń fọ́ bí ènìyàn bá tẹ iná mọ́ ọn nígbà tí ìtọ́kọ̀ yí dé òpin. Ẹ tọ́ ọ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Land Rover Series IIA tí bàbá mi rà ní ọdún 1966 ló wà lọ́wọ́ mi. Àkọ́bí mi fẹ́ yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí ó fi tuntun sí i, ó ní kò lágbára. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ rí sí i, àti bóyá ìwé ọkọ̀ kò ní dá wàhálà sílẹ̀.
Ìyá àgbà kan

ÌDÁHÙN: Mà, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa. Èmi kò ní gbà á níyànjú. Ẹ́ńjìnnì oní-lítà 2.25 tó wà nínú rẹ̀ rọrùn láti tún ṣe, gíábọ́ọ̀sì àti ọ̀pá tó ń yí táyà ẹ̀yìn nínú ákísù rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí wọ́n ṣe fún agbára kékeré. Àní pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ gan-an, ọ̀pá ẹ̀yìn yẹn ní orúkọ fún kíkán. Bí ẹ́ńjìnnì alágbára bá wọlé, òun ni yóò kọ́kọ́ lọ, gíábọ́ọ̀sì á tẹ̀lé e, ọmọ yín á sì rí i pé iṣẹ́ mẹ́rin ni òun dá sílẹ̀ níbi tí òun ti rò pé ẹyọ kan ni.

Òfin ìwé yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lórí ìwé ọkọ̀, a sì gbọ́dọ̀ fi ìyípadà rẹ̀ tó ìjọba létí. Àwọn ibì kan le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì tí ẹ bá gbé wọlé kò gbọdọ̀ dàgbà ju ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ, gbogbo ohun èlò ìdènà èéfín tó bá a wá sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Kí ọmọ yín bi àwọn aláṣẹ ibi tí ẹ wà léèrè kí ó tó tú nǹkan kan.

Bí kò bá gbà, ẹ jẹ́ kí ó fi àwọn síìtì ẹ́ńjìnnì tí a ń fi nọ́ọ̀tì dè ṣe é, láìgé ṣáàsí, kí ó sì da ọ́ìlì sínú sìlíńdà ẹ́ńjìnnì bàbá yín, kí ó wé e, kí ó gbé e sí ibi gbígbẹ, kí ó sì máa fọwọ́ yí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ṣùgbọ́n kí ó tó gbé sípánà rárá, ẹ ní kí ó yọ pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó fi aago wọn ìtẹ̀ sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwọn nọ́ńbà yẹn fi hàn pé fáàfù kan tí kò pa dé mọ́ ni gbogbo ohun tó ń jẹ́ àìlágbára.